Ta Ni Mo Mọ̀ Níbẹ̀?

Dókítà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo parọ́: èmi kì í ṣe dókítà. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì náà. Kẹ́mísì ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọjà Olúwo, tó jẹ́ pé ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré lẹ máa gbé láti ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó kan ògiri ẹ̀yìn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìkòròdú kí n tó ṣe fírídọ́ọ̀mù ní 2009. Mo gba ìwé àṣẹ, mo fi sínú férémù, mo gbé e kọ́ sára ògiri. Gbogbo ohun tí mo lè tà àti èyí tí mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ló wà nínú ẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, mi ò tíì rí oníbàárà kan tó ka ìwé náà. Ojú mi ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á ní, "Dókítà, ṣé èyí dáa ṣá?"

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo ti ń fa ilẹ̀kùn pa lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí Àlàájà tó ń ta ẹja yíyan wọlé. Ó pọn ọmọ ọmọ ẹ̀ sẹ́yìn, ìborùn tó fi bò ó ń rùn èéfín ẹja.

"Dókítà, ibà ń ṣe ọmọ yìí. Gún un lábẹ́rẹ́ kan fún mi kí n máa relé."

Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Mo gún un níka, mo kán ẹ̀jẹ̀ sórí àyẹ̀wò ibà, a dúró. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde, ìyẹn ni pé kò sí ibà níbẹ̀. Mo wá ká ẹ̀wù ẹ̀ sókè. Gbogbo ìgbà tó bá mí sínú, abẹ́ ìhà ẹ̀ ń wọnú lọ, bí ìgbà téèyàn bá ń fa ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó ti tán. Mo gbé fóònù mi síwájú, mo ka èémí ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: 58. Ọmọ ọjọ́ orí tiẹ̀ tó bá ti mí tó 40 ní ìṣẹ́jú kan, tí àyà sì ń wọnú báyẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kẹ́mísì.

"Màmá, kì í ṣe ibà o. Àyà ẹ̀ ni. Ọsibítù lẹ máa gbé e lọ, nísinsìnyí."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ọsibítù? Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

Gbogbo wa la mọ ìbéèrè yẹn nílẹ̀ yìí. Tó o bá fẹ́ ṣe ìwé ìrìnnà, ta lo mọ̀ níbẹ̀? Tọ́mọ ẹ bá fẹ́ wọ ilé ìwé, ta lo mọ̀ níbẹ̀? Tẹ́lẹ̀ ni mo rò pé ojúsàájú lásán làwọn èèyàn ń wá, pé wọ́n fẹ́ fo àwọn tó wà lórí ìlà. Àmọ́ Àlàájà ò fẹ́ fo ẹnikẹ́ni. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó tẹ̀lé ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń rọbí lọ sí ọsibítù kan tí mi ò ní í dárúkọ. Kí Àílà tó tó ni wọ́n débẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n wà títí Mọ̀ńgàríbà, ẹni tó bá sì bi léèrè á ní, "Màmá, ẹ jókòó." Ọmọ ẹ̀ yè, oyún inú ẹ̀ ò yè. Ó ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, òun ti gbà. Ohun tí òun ò rí gbé mì ni pé nígbà tó padà lọ lẹ́yìn ogójì ọjọ́ láti bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kò mọ ẹni tó máa bi. Kò mọ orúkọ ẹnì kankan níbẹ̀. Àwọn tó bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n sì ní kó lọ mú káàdì wá.

Ẹ wá wo ìyá eléwé ọmọ tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Mi ò fẹ́ràn oríṣi àgbo kan tí ìyá yẹn ń tà, èmi àti ẹ̀ sì ti bá ara wa fà á lójú ọjà rí. Àmọ́ Àlàájà mọ ọkọ ẹ̀, ó mọ àwọn àna ẹ̀, ó jó níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ ẹ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí rí pé, "Tí àgbo yẹn bá ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan, mo mọ ilẹ̀kùn tí mo máa kàn." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé àìmọ̀wé ló ń gbé àwọn èèyàn lọ sídìí àgbo, ẹ bá mi dá Àlàájà lóhùn. Kò sí nínú ìwé tí mo kà níbi iṣẹ́ wa tó dáhùn ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ, mi ò ní àkókò àríyànjiyàn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo pe kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo ní, "Èmi lẹ mọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ." Irọ́ ni mo pa, torí èmi náà ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Ó gbé ọmọ náà dúró sí àyà kó lè rí èémí mí, ó ní, "Tí kì í bá ṣe pé ìwọ lo wá bá mi nílé lọ́jọ́sí, mi ò ní tẹ̀lé ọ."

Ọjọ́sí tó ń wí, 2013 ni.

Lọ́dún náà mo kó páálí oògùn ibà 30 lọ́wọ́ oníṣòwò kan nígboro Èkó. Irú oògùn alápapọ̀ tí ìjọba ní ká máa lò láti 2005, nígbà tí wọ́n rí i pé kòkòrò ibà ò gbọ́ràn sí klorokúìnì lẹ́nu mọ́. Lára páálí rẹ̀ ni ilà fàdákà kan wà téèyàn máa ha bí káàdì fóònù, nọ́ńbà á jáde, ẹ ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n á sì dá yín lóhùn bóyá ojúlówó ni. NAFDAC ló mú ètò náà jáde ní 2010. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi kì í ha á. Ẹni tó rà á ló yẹ kó ha á, àwọn tó ń rà á náà kì í ha á. Èmi gbójú lé ẹni tó tà á fún mi, àwọn gbójú lé mi, ẹni tó tà á fún mi gbójú lé ta ni, Ọlọ́run ló mọ̀.

Kọ́pà kan ló ha tiẹ̀ níwájú káńtà mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, torí kò rí nǹkan míì ṣe níbi tó ti ń dúró dé ṣéńjì. Fóònù ẹ̀ dún. Ó kà á, ó wò mí, ó tún un kà. Ó yí ojú fóònù sí mi: àwọn ò mọ nọ́ńbà yìí, kí ó má lo oògùn náà. Mo ní ó lè jẹ́ páálí kan ṣoṣo yẹn ló níṣòro. Mo ya mẹ́ta míì lára ẹgbẹ́ ẹ̀, mo ha wọ́n. Èsì kan náà. Ara mi tutù. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni wọ́n ń wí, mo sì ti ta 14 nínú páálí yẹn.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, "Màdáámù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni." Nígbà tó di ọjọ́ kẹta nọ́ńbà tiẹ̀ gan-an ò lọ mọ́.

Lálẹ́ yẹn mo ṣí ìwé àwìn mi. Ìwé ọmọ ilé ìwé ni, igun ẹ̀ ti ká sókè, epo bó mọ́ ọn lára. Bí mo ṣe ń kọ orúkọ nìyí: "Ìyá Ìbejì ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ₦600." "Ọlọ́kadà onífìlà pupa, ₦600, ó fi ₦200 sílẹ̀." "Àlàájà ẹlẹ́ja." Mo fi ìka tẹ̀ lé e títí, nínú 14, mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. Mo mọ ilé gbogbo wọn torí mi ò lè fún ẹni tí mi ò mọ ilé ẹ̀ láwìn. Àwọn tó jẹ mí lówó ni mo lè rí. Àwọn tó kówó kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí mo fi tẹ̀ríntẹ̀rín kí pé "ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù sí i", àwọn yẹn ni mi ò mọ ibi tí wọ́n wọlé sí.

Ọkọ mi ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Dá a dúró, da ìyókù nù, kó o sì panu mọ́." Mi ò bá a jà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mú ọgbọ́n dání tó bá jẹ́ ti ọjà, ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan kan ní Ìkòròdú tí kò jẹ́ kí n lè ṣe é.

Ìparí 2008 ni, mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Oògùn olómi kan wà tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó ń hu eyín, wọ́n ti po nǹkan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol mọ́ ọn nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ohun tí kò yẹ kó dé ẹnu èèyàn ni. Kíndìnrín ló máa ń bà jẹ́. Kí 2009 tó dé àárín, ọmọ tó ti kú káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ti lé ní 80. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀ lórí rédíò, ọ̀gá mi kó gbogbo ìgò tó wà lórí igbá sínú báàfù, ó dé e. Ó wá yí sí mi, ó ní, "Àwọn tó ti rà á ńkọ́?" A ò ní ìwé kankan. Owó lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún bọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, ó ń dá gbogbo ìyá tó pọnmọ kọjá dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ra oògùn eyín níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ra oògùn eyín níbí?" Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin. Ohùn ẹ̀ há. Odindi oṣù lẹ́yìn náà, ìyá ọlọ́mọ ò ra parasítámọ́ọ̀lù olómi lọ́wọ́ wa mọ́, bẹ́ẹ̀ parasítámọ́ọ̀lù ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà mo kó owó sínú pọ́ọ̀sì, mo mú ìwé àwìn dání, mo bọ́ sọ́nà. Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn ín. Ọlọ́kadà onífìlà pupa ò gbowó ẹ̀. Ó ní oògùn náà ṣiṣẹ́, ara òun ti yá, kí lòun fẹ́ gba owó fún? Mo ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Ìyá Ìbejì ṣépè fún mi, ó tún gbé àga fún mi pé kí n jókòó. Ní ilé kan lẹ́bàá omi, bàbá kan ká mi mọ́ pé kí n fọwọ́ kan Kùránì pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Àlàájà ní tiẹ̀ gba owó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ etí ìró, kò sọ nǹkan kan. Oṣù méjì gbáko ni kò fi gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Ọjọ́ tó padà wá, páálí oògùn orí fífọ́ ló rà, ó ní, "Bá mi ha á."

Ọjà mi wó lulẹ̀ lọ́dún náà, ẹ má jẹ́ kí n fi pamọ́. Àwọn tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n pọ̀ ju àwọn tó gbọ́ ọ tán: "Kẹ́mísì yẹn ń ta ayédèrú." Díẹ̀ ló kù kí n kó padà sí Ìkòròdú.

Ẹnì kan lè wá sọ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú máa gba ti ẹni tá a mọ ilé ẹ̀ nìkan. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Lóṣù kẹjọ 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wà lẹ́nu gbogbo ayé, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Àǹtí mi ni, ìyẹn àbúrò ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà. "Dìde, fi iyọ̀ sómi gbígbóná, wẹ̀ ẹ́, kó o mu díẹ̀ níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́." Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára obìnrin yìí, èmi ni mò ń ra oògùn ẹ̀. Mo pariwo pé kó má mu ún. Ó ti mu ife kan. Nígbà tí mo bi í pé ta ló sọ fún un, ó ní, "Ẹni tó sọ fún mi ò lè parọ́ fún mi." Ẹni náà ò parọ́ lóòótọ́. Ẹnì kan tóun náà fọkàn tán ló pè é. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń ji ara wọn láti ilé dé ilé, ìyá sí ọmọ, ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń fún ara wọn ní iyọ̀ mu.

Láàárín ìgbà yẹn kan náà, obìnrin kan tí àǹtí mi ò mọ̀ rí wà ní ọsibítù kan ní Ọbáléńdé, Dókítà Ameyo Adadevoh. Ogúnjọ́ oṣù keje ni Patrick Sawyer, ọkùnrin kan tó wá láti Làìbéríà, balẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú Ẹ̀bólà lára. Wọ́n ń yọ dókítà yìí lẹ́nu pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Àìsàn náà mú òun náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Nígbà tí wọ́n kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà, 20 èèyàn ló ti mú, mẹ́jọ ló pa. Nínú ìlú tó kún bí Èkó! Mo máa ń rò ó pé ẹni tá a mọ ilé ẹ̀ ló fi iyọ̀ rán wa, ẹni tá a ò mọ ilé ẹ̀ ló dènà ikú. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa fi ẹnu kan sọ méjèèjì.

Bàbá Hausa kan ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ Kánò ni. Nígbà tí mò ń ráhùn pé kí ló ṣe tí àwọn ará ilé ẹ̀ fi kọ oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ ní 2003, ó gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé ìdí àlùbọ́sà sílẹ̀, ó ní ṣé mo gbọ́ nípa 1996? Mo ní rárá. Ó ní lọ́dún yẹn tí àrùn yírùnyírùn, ìyẹn meningitis, ń pa ọmọdé ní Kánò, Pfizer gbé oògùn tuntun kan dé, Trovan, wọ́n kó nǹkan bí 200 ọmọ jọ fún ìdánwò ẹ̀, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn míì. Mọ́kànlá kú nínú wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, pé kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ ẹ̀ jà títí di 2009 kí wọ́n tó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Àwọn olóṣèlú bu epo síná náà, mo mọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò yẹ kó rọ ló sì rọ. Àmọ́ látọjọ́ yẹn mi ò fi àwọn ará Kánò rẹ́rìn-ín mọ́. 2020 ni wọ́n tó kéde pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àdáyébá ti tán ní Áfíríkà. Bàbá yìí sọ fún mi pé àwọn obìnrin àdúgbò, tí wọ́n lè wọ yàrá obìnrin ẹgbẹ́ wọn, ló parí iṣẹ́ náà fún wọn.

Mo rí tèmi lóṣù kẹwàá 2023, nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ dé Èkó fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá. Ọ̀rọ̀ ń lọ pé wọ́n fẹ́ fi pa ilé ọmọ wọn dé ni. Mo to àlàyé kalẹ̀ fún àwọn ìyá títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi. Wọ́n á gbọ́ tán, wọ́n á wá bi mí pé, "Tìẹ ńkọ́, ṣé yóò gbà á?" Ọmọ mi jẹ́ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Lọ́jọ́ tó gbà á nílé ìwé, ó wá jókòó sórí àga gíga nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń fi ibi tí wọ́n ti gún un han gbogbo ẹni tó bá wọlé bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ó tún gba ₦1,500 owó ṣíṣe láàánú lọ́wọ́ wọn, ọmọ burúkú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lálẹ́ yẹn, mi ò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo ti ń ṣètò irọ́ tí mo máa pa pé mo mọ ọ̀gá wọn. Ó yẹ orúnkún kí Àlàájà, ó gba ọmọ, ó fi nǹkan kékeré kan tó ń tan iná pupa há a níka. Ó wò ó, ó wá dárúkọ ara ẹ̀. "Màmá, orúkọ mi nìyẹn o. Èmi ni mo wà níbí títí aago mẹ́jọ àárọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ọmọ yìí ò tó o, a máa fi rọ́bà yìí sí i nímú, á sunkún, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan kan, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ pè."

Àlàájà dárúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta sábẹ́ ahọ́n, bí ẹni ń há súrà sórí.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó pè mí, mo rò pé ó fẹ́ sọ bí ara ọmọ ṣe rí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ṣó o ríi, mo ti mọ ẹnì kan níbẹ̀ báyìí."

Gbogbo ẹni tó bá ra oògùn lọ́wọ́ mi ni mò ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti 2013, owó ni o, àwìn ni o. Inú máa ń bí àwọn kan. "Kí lo fẹ́ fi orúkọ mi ṣe? Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?" Àwọn míì ń fún mi ní orúkọ tí mo mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn, mo sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú páálí márùn-ún tí mo ta fún àwọn tí kò sí nínú ìwé, mo rí méjì. Ọkùnrin kan ra ọ̀kan, mi ò rántí nǹkan kan nípa ẹ̀. Obìnrin kan ló ra méjì tó kù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń sáré lọ wọkọ̀, ìró aláwọ̀ ewé ló ró, ó gbé agbọ̀n alákàn lérí, omi ń kán láti inú ẹ̀ sórí káńtà mi. Ó ní kí n má wulẹ̀ wá ṣéńjì ₦50 tó kù. Tí mo bá lọ sí Olúwo lọ́jọ́ ọjà, mo ṣì máa ń gba ọ̀nà àwọn alákàn.